Ọ̀rọ̀ sí Àlejò: Àbọ̀ ni tàbí Odidi?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òwe yìí kọ́ wa pé ẹni tí ó bá fẹ́ yí ọkàn ẹlòmíràn padà kò gbọdọ̀ dójú tì í ní gbangba. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà kò bá tilẹ̀ mọ̀ pé òun ni ọ̀rọ̀ ń bá wí ńkọ́? Ìbéèrè tí ìwé Jamaica Kincaid, A Small Place, gbé ka iwájú wa nìyí.

Erékùṣù Àǹtígúà ni wọ́n ti bí obìnrin yìí ní ọdún 1949. Ọdún 1988 ni ìwé náà jáde. Ìwé pẹlẹbẹ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ta bí ata. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tí wọ́n ń ti Amẹ́ríkà àti Yúróòpù wá jẹ̀gbádùn oòrùn àti òkun ni ó dojú ìbínú kọ.

Ọgbọ́n kìn-ín-ní tí ó lò ni pé kò sọ̀rọ̀ arìnrìn-àjò lẹ́yìn. Òun gan-an ni ó kọjú sí. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá, ibẹ̀ ni a óò ti kọ́kọ́ dúró, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì òde òní kò ya ‘ìwọ’ sọ́tọ̀ kúrò lára ‘ẹ̀yin’. Ẹ̀kọ́ ilé ní kí á sọ ‘ẹ̀yin’ fún àgbàlagbà tí a kò mọ̀ rí. Ṣùgbọ́n ‘ẹ̀yin’ lè jẹ́ ẹnì kan, ó sì lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí a bá fi bá wí lè fara pamọ́ sáàárín èrò. ‘Ìwọ’ kò fún un ní ibi tí yóò sá sí. Lójú tèmi, ‘ìwọ’ ni ìwé náà ń fẹ́, bí ó tilẹ̀ korò létí.

Ọgbọ́n kejì ni ti ẹ̀rí. Àwọn àgbà ní àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi í ríran. Kincaid mú ohun tí àlejò rí, ó gbé ohun tí kò rí tì í. Àlejò ń yọ̀ pé oòrùn ń ràn lójoojúmọ́. Kò ronú pé ọ̀dá ni oòrùn yẹn jẹ́ fún onílé tí ó ń wá omi. Ó rí orúkọ V. C. Bird, olórí ìjọba ìgbà náà, lára pápákọ̀ òfurufú. Kò bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí kì í fi ṣe ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn ni wọ́n fi orúkọ náà sọ. Kò mọ̀ nípa ilé ìkàwé tí ilẹ̀ mímì bà jẹ́ ní ọdún 1974, tí a kò tíì tún ṣe nígbà tí ìwé náà jáde. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀rí méjì tí ó kẹ́yìn yìí kan àwọn alákòóso erékùṣù náà pẹ̀lú. Ẹni tí kò bo àléébù ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni a máa ń gbọ́ nígbà tí ó bá ń ka ti òde.

Síbẹ̀, agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àlejò kò rí àyè wí tẹnu rẹ̀ nínú ìwé náà. Ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó fi ọdún gbáko tọ́jú owó ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan. Owó rẹ̀ sì wà lára ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtura ń jẹ. Bí òǹkọ̀wé bá sọ ohun tí àlejò kò rí, a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá pè é ní òbùrẹ́wà ènìyàn, ọkàn ni ó ń dá lẹ́jọ́, ta ni ó sì lè yẹ ọkàn wò? Níbẹ̀ ni mo rò pé ó kọjá ààlà.

Ṣùgbọ́n ní ìparí apá kìn-ín-ní, òun náà gbà pé gbogbo onílé níbi gbogbo ni ìbá fẹ́ ṣe àlejò níbòmíràn, àmọ́ òṣì kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ wọn lè lọ. Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, àbùdá kọ́ ni ó ń sọ àlejò di òbùrẹ́wà. Ipò tí ó wà ni.

Ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Àlejò kì í sí nílé nígbà ìsanwó, ìdí nìyẹn tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ kò fi lè tó o. Kí á sọ odidi fún un, ṣùgbọ́n kí odidi náà jẹ́ ti gbèsè tí a lè kà, kí á fi ọkàn rẹ̀ sílẹ̀ fún un láti fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò.