Kí Òjò Tó Dé, Ẹ Jẹ́ Ká Gbẹ́ Gọ́tà

KÚṬÚBÀ KÌN-ÍN-NÍ

Ọpẹ́ ni fún Allāhu, Ẹni tí ń sọ òjò kalẹ̀ láti sánmọ̀, tí Ó sì ń fi jí ilẹ̀ tó ti kú dìde. A jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí àfi Òun nìkan. A sì jẹ́rìí pé Muhammad, ẹrúsìn Rẹ̀ àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn Sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Allāhu, ara wa la kọ́kọ́ ń sọ àsọọ́lẹ̀ ìpayà Ọlọ́hun fún, kí a tó sọ ọ́ fún yín.

Ó wà nínú ìwé Bukhārī, láti ọ̀dọ̀ Anas ọmọ Mālik, kí Allāhu yọ́nú sí i, pé ọkùnrin kan wọ mọ́ṣáláṣí ní ọjọ́ Jímọ̀, nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun wà lórí ìdúró tí ó ń ka kúṭúbà. Ọkùnrin náà ké gbàjarè pé ọ̀dá ti pa ẹran ọ̀sìn àwọn, pé kí ó bá àwọn tọrọ òjò. Òjíṣẹ́ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ojú sánmọ̀ mọ́ nígbà náà, kò sí ìkúùkù kan níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ìkúùkù kan yọ láti ẹ̀yìn òkè Salʿ, ó tàn kálẹ̀, òjò sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni wọn kò fi fojú kan òòrùn. Nígbà tí ó di Jímọ̀ kejì, ọkùnrin kan tún wọlé nígbà kúṭúbà. Ó ní dúkìá ti ń ṣòfò, ọ̀nà ti gé, kí ó bá àwọn bẹ Ọlọ́hun kí òjò náà dáwọ́ dúró.

Ẹ kíyè sí ohun tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ṣe. Kò bá ọkùnrin náà wí pé aláìmoore ni. Kò sọ fún un pé ṣebí ẹ̀yin náà lẹ tọrọ rẹ̀. Ó tún gbé ọwọ́ sókè, ó sì bẹ Ọlọ́hun pé kí òjò náà yí ìlú ká, kí ó má rọ̀ lé àwọn lórí, kí ó lọ sí orí òkè, inú àfonífojì àti ìdí àwọn igi. Òjò kan náà ni, ẹ̀yin ará. Ní Jímọ̀ kìn-ín-ní, àánú ni. Ní Jímọ̀ kejì, ó ti di ohun tí à ń sá fún.

Òjò àkọ́rọ̀ ti kan ilẹ̀ wa báyìí. Ẹni tó bá ń gbé Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ mọ̀ pé etí ọ̀sà la wà. Oríṣi òjò méjì ló ń bá wa jà. Èkíní ni èyí tí ń rọ̀ lé wa lórí, tí agbára rẹ̀ ń pọ̀ jù lọ ní oṣù kẹfà àti oṣù keje. Èkejì ni èyí tó rọ̀ sórí ẹlòmíràn, tí odò sì ń gbé bọ̀ wá bá wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò ka ìkejì yìí sí. Odò Ògùn ti òkè ọ̀nà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá, ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ọ̀sà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yìí ló sì ń já sí. Odò Ọyán ń wọ inú rẹ̀ lọ́nà. Lórí Odò Ọyán yìí ni ìdídò ńlá kan wà tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983, tí ó lè gba omi tó kúbíìkì mítà mílíọ̀nù 270. Ìdídò náà wúlò: láti inú rẹ̀ ni omi ẹ̀rọ ti ń wá fún Abẹ́òkúta àti Èkó. Ṣùgbọ́n bí òjò bá kún un ní oṣù kẹsàn-án tàbí oṣù kẹwàá, àfi kí wọ́n ṣí ẹnu rẹ̀, nítorí pé bí wọn kò bá ṣí i, tí ògiri rẹ̀ sì ya, àjálù náà yóò ju ti ìkún omi lásán lọ. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Maiduguri ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, nígbà tí ìdídò Alau ya lu ìlú.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti Ọyán bo Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí omi lé kúrò nílé lọ sí àgọ́ ìrànlọ́wọ́ ní Agbówá, ní apá Ẹ̀pẹ́. Àwọn kan pẹ́ níbẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni ti rò lọ. Ẹ má gbàgbé pé òòrùn lè máa ràn lórí wa níhìn-ín ní ọjọ́ tí irú omi bẹ́ẹ̀ yóò wọlé. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wo ojú sánmọ̀ nìkan kò tíì múra.

Àwọn kan yóò ní kádàrá ni, pé ohun tí Ọlọ́hun bá kọ kò ṣeé pa rẹ́. Òótọ́ ni, a gba kádàrá gbọ́, ọ̀kan nínú òpó ìgbàgbọ́ wa ni. Ṣùgbọ́n ta ló gba kádàrá gbọ́ ju Ànábì Nūhu lọ? Nígbà tí Ọlọ́hun sọ fún un pé omi ń bọ̀, pákó àti ìṣó ló mú. Ànábì Yūsufu mọ̀ pé ọ̀dá ọdún méje ń bọ̀, ó ní kí wọ́n kó oúnjẹ pamọ́ fún ọdún méje ṣáájú. Tirmidhī sì gba a wá pé ẹnìkan bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀ kí òun sì gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́hun. Ìdáhùn tó rí gbà ni pé kí ó so ó ná, kí ó tó gbẹ́kẹ̀ lé E. Àwọn àgbà wa náà ní àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ohun kan tó wà lọ́kàn wa. Ní ọdún tó kọjá, nígbà tí òjò ńlá kan rọ̀ mọ́jú, omi wọ ilé ìyá àgbà kan tó ń dá gbé ní òpópónà ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí yìí. Nígbà tí a lọ kí i, ó ti di ọ̀sán. Omi ti fà, ẹní àti aṣọ rẹ̀ wà lórí ògiri tí wọ́n ń sá wọn. A bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣe àdúà. Ó ṣe àmín tán, ó wá ní, “Àlùfáà, mo gbọ́ ohùn yín nígbà tí ẹ pe ìrun Àsùbáà. Orí tábìlì ni mo wà. Mo ní, háà, wọ́n ti jí.” Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ẹ̀yin ará, a ti jí lóòótọ́. A ṣe àlùwàlá, a kírun, a jókòó, a ń ka tẹ̀súbáà. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rántí pé ìyá kan ń dá gbé nínú ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ rẹlẹ̀ jù lọ ní àdúgbò. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kúṭúbà yìí ti wà lọ́rùn wa bí gbèsè.

Ní ọdún karùn-ún lẹ́yìn Hijira, nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ń bọ̀ wá ká Madīna mọ́, Salmān ará Persia ló mú ìmọ̀ràn wá pé kí wọ́n gbẹ́ kòtò sí ẹnu ìlú. Wọ́n pín iṣẹ́ náà láàrin ara wọn. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kò jókòó sábẹ́ àtíbàbà kí ó máa pàṣẹ. Òun náà ń ru erùpẹ̀, Barāʾ sì ròyìn pé eruku bo awọ ikùn rẹ̀. Ebi ń pa wọ́n, òtútù ń mú wọn, wọ́n sì ń gbẹ́ ẹ. Àwọn kan ń yọ́ lọ sílé wọn láìdágbére. Nínú Sūratu Nūr, Ọlọ́hun sàpèjúwe àwọn onígbàgbọ́ òdodo pé bí wọ́n bá wà pẹ̀lú Òjíṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ènìyàn, wọn kì í kúrò níbẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó, dídúró títí iṣẹ́ ìlú yóò fi parí wà lára ohun tí a fi ń dá onígbàgbọ́ mọ̀!

Báwo la ti ń ṣe tiwa? Nígbà tí wọ́n dá ìmọ́tótó Sátidé ìparí oṣù dúró ní 2016, ọ̀pọ̀ nínú wa ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, àfi bí ẹni pé ìjọba la ti ń bá gbẹ́ gọ́tà láti ọjọ́ yìí wá. Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè Àdúgbò wa, tí a mọ̀ sí CDA, ń pe ìpàdé, àwọn arúgbó mẹ́fà méje kan náà ló ń jókòó síbẹ̀. Ayálégbé ní ti àwọn onílé ni. Onílé tó ń gbé Èkó ní òun yóò fi owó ránṣẹ́. Ẹlòmíràn ti ya owó ìtanràn sọ́tọ̀ kí wọ́n tó kéde iṣẹ́. Owó dára, ẹni tó ń ṣàìsàn tàbí tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè fi ṣe tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ó wà nílé tó ń wo bọ́ọ̀lù, kí ó má rò pé owó ìtanràn ti ra láádá fún òun.

KÚṬÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, Òjíṣẹ́ fi wá wé àwọn tó wọ ọkọ̀ ojú omi kan, tí àwọn kan wà lókè, tí àwọn kan wà nísàlẹ̀. Àwọn ti ìsàlẹ̀ ní àwọn fẹ́ lu ihò sí apá tiwọn kí àwọn lè rí omi pọn láìyọ ará òkè lẹ́nu. Bí ará òkè bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò rì. Ẹni tó ń da ìdọ̀tí sínú gọ́tà nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí àgbàrá lè gbé e lọ, ihò ló ń lù. Ẹni tó kọ́ ọgbà lé ojú ọ̀nà omi, ihò ló ń lù.

Kí a tó nawọ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a sọ ti ilé Ọlọ́hun yìí. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ kó ìdọ̀tí inú gọ́tà iwájú wa lẹ́yìn òjò ọjọ́ náà, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló kún ibẹ̀, àti ike oúnjẹ ìṣínu tí a pín nínú oṣù Ààwẹ̀. Sàdáákà wa ló di gọ́tà. Èyí tó burú jù ni kọnkéré tí a dà bo gọ́tà ní ẹnu ọ̀nà kí mọ́tò lè rí ibi dúró sí ní ọjọ́ Jímọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni omi ti ń dá padà lọ sí òpópónà ẹ̀yìn. Ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí jókòó lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn kan ní owó ńlá la ná sí i, wọn kò sì parọ́. Síbẹ̀, a fohùn ṣọ̀kan pé kí a fọ́ ọ. Ọ̀la, ọjọ́ Sátidé, aago méje àárọ̀ ni iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ni a óò dara pọ̀ mọ́ CDA lórí gọ́tà ńlá. Ẹ mú ṣọ́bìrì, àdá àti bárò wá. Ẹ wọ bàtà òjò, ìgò fífọ́ wà nínú ẹrẹ̀. Bí a bá kó ẹrẹ̀ jáde, a kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀ létí gọ́tà, òjò kan péré ni yóò gbé e padà.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó kọjú sí wa ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fajú ro. Kí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun tó di òjíṣẹ́, ó bá àwọn ará Maka ṣe àdéhùn nílé ọmọ Judʿān láti gbèjà ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ. Lẹ́yìn tí ẹ̀sìn dé, ó ṣì ní bí wọ́n bá pe òun sí irú rẹ̀, òun yóò dáhùn.

A nílò ọ̀dọ́ mẹ́wàá, lọ́kùnrin lóbìnrin, tí yóò kọ orúkọ àwọn arúgbó, aláìsàn, aboyún àti ẹni tó ń dá gbé ní òpópónà kọ̀ọ̀kan. Bí òjò bá le lóru, kí ẹnìkan kan ilẹ̀kùn wọn. Kí nọ́ńbà 767 àti 112 wà lórí fóònù gbogbo ilé, àwọn ni a fi ń ké sí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó nígbà pàjáwìrì. Ẹ kó ìwé ilẹ̀ àti sátífíkéètì àwọn ọmọ sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sókè. Bí omi bá ń wọlé, ẹ tètè pa iná láti ibi mítà kí omi tó dé ibẹ̀. Bí ìkún omi bá kan kànga yín, ẹ má mu omi rẹ̀ láìsè é, nítorí àrùn onígbá méjì.

Ẹ má fi ẹsẹ̀ la àgbàrá kọjá, ì báà jẹ́ nítorí ìrun Jímọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí òjò rọ̀, Ibn ʿAbbās ní kí apèrun kéde pé kí oníkálukú kírun nílé rẹ̀. Nígbà tí ó ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, ó ní ẹni tó sàn ju òun lọ ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Òótọ́ ni pé Òjíṣẹ́ ka ẹni tí omi pa mọ́ àwọn ṣàhídì. Kò túmọ̀ sí pé kí a lọ fi ara wa fún omi.

Ọlọ́hun, rọ òjò àánú fún wa, má fi í ṣe ìyà wa. Jẹ́ kí ó rọ̀ sí oko wa, kí ó má wọ iyàrá wa. Ṣọ́ àwọn tó ń gbé etí odò àti etí ọ̀sà, láti Ajégúnlẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́. Ṣọ́ ìyá wa tó wà ní òpópónà ẹ̀yìn, kí O sì dárí àìbìkítà wa jì wá. Gba iṣẹ́ ọ̀la lọ́wọ́ wa. Àmín.

Ẹ tò sáfù yín kí ó gún. Ẹ gbé ìrun dúró.