ÀKÀRÀ ÈSO Ọ̀PỌ̀TỌ́ ÀTI KÉÈKÌ PUPA

Ìwàásù fún oṣù Júnì. Ìwé Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní, orí 30, ẹsẹ 11 dé 15.

Ní ọdún tó kọjá ni ìwé kan dé ọ̀dọ̀ mi láti ọwọ́ ọmọbìnrin kan tí mo kọ́ ní katikísímù nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nísisìnyí ní ìlú Houston, ní Texas ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí ó ti kí mi, tí ó kí ìyàwó mi, tí ó sì béèrè àlàáfíà ìjọ, ó sọ pé àwọn aládùúgbò òun, ènìyàn dúdú ọmọ ilẹ̀ náà, pe òun síbi àjọ ìsinmi tí wọ́n máa ń ṣe ní ọjọ́ 19 oṣù Júnì lọ́dọọdún. Ìgbà òjò ni ó jẹ́ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwọn ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, oòrùn a sì máa ta gidigidi. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń jẹun, ilé kọ̀ọ̀kan a sì gbé oúnjẹ kan wá. Èyí tí wọ́n fi lé òun lọ́wọ́ ni kéèkì tí a fi sitirọ́bẹ́rì yan, èyíinì ni èso pupa kékeré kan tí igi rẹ̀ kì í ga, tí ń rá mọ́ ilẹ̀ bí ewé ọ̀dùnkún.

Ìbéèrè méjì ni ó bi mí. Èkíní: kí ló dé tí kéèkì tí òun kọ́kọ́ yan láti fi dánra wò kò pupa, tí ó dà bí eérú? Èkejì mú mi dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó fèsì. Ó ní: “Olùkọ́ mi, ǹjẹ́ ó yẹ kí èmi ọmọ Yorùbá gbé kéèkì lọ síbi àjọ yìí? Àwọn wọ̀nyí ń yọ̀ pé a tú àwọn baba wọn sílẹ̀ kúrò lóko ẹrú. Ta ni ó kọ́kọ́ tà wọ́n?”

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí àjọ náà fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Jánúárì 1863 ni Ààrẹ Lincoln kéde òmìnira fún gbogbo ẹrú tí ó wà ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ń bá ìjọba rẹ̀ jagun. Ṣùgbọ́n Texas jìnnà sí ojú ogun, àwọn olówó ẹrú ibẹ̀ sì ń bá tiwọn lọ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò sọ nǹkan kan. Òwú hù, wọ́n ká a. Ó tún hù, wọ́n tún ká a. Ọdún méjì àti ààbọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 19 oṣù Júnì 1865 ni Ọ̀gágun Gordon Granger tó pàṣẹ ní Galveston, létí òkun, pé gbogbo ẹrú ti di òmìnira. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn ní Texas tó 250,000 ọkàn. Kò dùn mọ́ mi nínú pé ìwé àṣẹ kan náà ni ó gbà wọ́n níyànjú pé kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́ níbi tí wọ́n wà, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ gba owó ọ̀yà lọ́wọ́ ẹni tí ó ti ń lù wọ́n láná.

Ẹ fi ọjọ́ náà wé ìtàn tiwa. Ní ọjọ́ 29 oṣù Júnì 1864, ní Kántábọ́rì, ni a fi Samuel Ajayi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ọmọ Òṣoògùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Ní ọjọ́ tí ẹrú àtijọ́ yìí wọ aṣọ bíṣọ́ọ̀bù, àwọn ará Texas ti di òmìnira nínú ìwé fún ọdún kan àti ààbọ̀, a kò sì tíì mú un ṣẹ fún wọn.

Láti 1866 ni wọ́n ti ń pa ọjọ́ náà mọ́. Ní Houston gan-an, ní 1872, oníwàásù kan tí í ṣe ẹrú tẹ́lẹ̀ rí, Jack Yates, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá owó jọ, wọ́n sì ra ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ékà 10 kí wọ́n lè ní ibi tí wọn yóò ti máa ṣe àjọ wọn. Ọgbà náà ṣì wà níbẹ̀. Kì í sì í ṣe ìgbà gbogbo ni wọ́n jẹ́ kí wọ́n yọ̀ ní àlàáfíà. Ní ọjọ́ 19 oṣù Júnì 1939, àwọn jàǹdùkú aláwọ̀ funfun ya bo ilé tí àwọn òbí ọmọdébìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí ní Fort Worth, wọ́n sì bà á jẹ́. Opal Lee ni orúkọ ọmọ náà, ẹni ọdún 12 ni nígbà náà. Nígbà tí ó di ẹni ọdún 89, ní 2016, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìjọba sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní 2021 ni wọ́n gbọ́ tirẹ̀.

Oúnjẹ pupa ni wọ́n fẹ́ràn níbi àjọ náà: ohun mímu pupa, bàrà olómi pupa, kéèkì pupa. Ọ̀pọ̀ wọn sọ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn baba ni àwọ̀ náà ń rán wọn létí. Àwọn tí ń kọ ìtàn oúnjẹ sì sọ pé ó ṣeé ṣe kí ó ti ọ̀dọ̀ wa wá, láti inú omi ìṣápá àti obì. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu zobo, ẹ rántí wọn.

Ní ti eérú tí kéèkì náà dà, ìyàwó mi ni ó dáhùn, nítorí èmi kò mọ nǹkan kan nípa ìdí ààrò. Ó ní sódà tí a fi ń mú kéèkì wú ni ó ba àwọ̀ rẹ̀ jẹ́: ohun kíkan ni pupa èso náà fẹ́, bí ó bá sì ti pàdé sódà, yóò ṣú. Kí ó dín sódà kù, kí ó fún omi òroǹbó wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i. Ó tún ní kí ó má da èso tútù sínú fúláwà, nítorí omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, àárín kéèkì kò sì ní jinná. Kí ó gún un, kí ó sè é lórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí yóò fi ki, kí ó sì jẹ́ kí ó tutù kí ó tó pò ó mọ́ bọ́tà àti ṣúgà. Èyí tí ó bá fẹ́ fi sí i ní wẹ́wẹ́, kí ó kọ́kọ́ yí i nínú fúláwà gbígbẹ kí ó má bàa rì sí ìsàlẹ̀. Ọmọ náà kọ̀wé pé ní oṣù Épírì ni sitirọ́bẹ́rì máa ń pọ̀ ní Texas, àti pé àwọn àgbà àdúgbò a máa tọ́jú rẹ̀ sínú yìnyín nígbà náà de àjọ Júnì.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì ńkọ́? Ẹ ṣí Bíbélì yín. Àwọn ará Ámálékì ti sun Síkílágì níná, wọ́n sì ti kó aya àti ọmọ Dáfídì lọ. Bí ó ti ń lépa wọn, àwọn ọkùnrin rẹ̀ rí ará Íjíbítì kan ní pápá, ẹrú tí olówó rẹ̀ fi sílẹ̀ nítorí pé àìsàn dá a wólẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun. Wọ́n fún un ní oúnjẹ àti omi, wọ́n sì fi àkàrà èso ọ̀pọ̀tọ́ àti ṣírí àjàrà gbígbẹ méjì kún un. Ẹ kíyè sí i: lẹ́yìn tí ó ti jẹun tán, tí ẹ̀mí rẹ̀ sì sọjí, ni Dáfídì tó béèrè pé ti ta ni í ṣe. Lóòótọ́, Dáfídì rí èrè nínú rẹ̀, nítorí ẹrú náà ni ó fi ọ̀nà hàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé àkàrà náà fún un, wọn kò tíì mọ̀ pé ó wúlò fún nǹkan kan.

Ẹ sì padà sí orí 27. Dáfídì fúnra rẹ̀ ti gbógun ti àwọn ará Ámálékì rí, ó sì kó wọn ní ìkógun. Ọwọ́ tí ó na àkàrà yìí kò mọ́.

Ọwọ́ tiwa náà ńkọ́? Púpọ̀ nínú àwọn ẹrú Texas ni a bí ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí a kó ní ilẹ̀ Yorùbá, Kúbà àti Bùràsíìlì ni a kó ọ̀pọ̀ wọn lọ. Síbẹ̀ wọ́n dé Amẹ́ríkà pẹ̀lú. Ní 1860, nígbà tí òfin ti ka òwò náà léèwọ̀ tipẹ́, ọkọ̀ Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn láti Ouidah lọ sí Alabama, àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá sì wà nínú wọn. Àwọn ará Dàhòmì ni ó kó wọn, a sì lè fi èyí tu ara wa nínú. Ṣùgbọ́n Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tí ó kó Òṣoògùn. Ta ni ó kó Ọ̀wu? Ta ni ó tú Ìjàyè? Àwa fún ara wa ni. Wòlíì Ìsíkẹ́ẹ̀lì kọ́ wa ní orí 18 pé ọmọ kì yóò ru ẹ̀ṣẹ̀ baba rẹ̀, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ní Nehemáyà orí 9, àwọn ọmọ dìde dúró, wọ́n sì jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn baba wọn.

Èmi pẹ̀lú ní ti ara mi láti jẹ́wọ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ní ìjọ kan tí mo ti sìn, a ń wá ẹni tí yóò jẹ́ wọ́dẹ̀nì. Wọ́n dárúkọ ọkùnrin kan, olùkọ́, ẹni tí kì í pa ìsìn jẹ. Àgbàlagbà kan sún mọ́ mi, ó sì sọ sí mi létí pé: “Ẹ ò mọ̀ ni? Wọ́n ra baba ńlá rẹ̀ wá sí ìlú yìí ni.” Èmi tí mo ti wàásù lórí ìwé Fílémónì, n kò sọ nǹkan kan. Wọ́n fo orúkọ rẹ̀ dá. Ọjọ́ ìkórè ni. Nígbà tí a jáde, ìyàwó ọkùnrin náà ni ó ti yan kéèkì tí a jẹ. Ẹyọ méjì ni mo jẹ.

Nítorí náà ni mo ṣe dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà mo kọ̀wé sí i pé: Ọmọ mi, yan kéèkì náà dáadáa, kí o sì gbé e lọ. Gbé e sórí tábìlì pẹ̀lú ti àwọn ìyókù. Má ṣe jókòó sí ipò ọlá. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní ìlú rẹ, má ṣe fi pamọ́; bí wọ́n bá sì bi ọ́ nípa àwọn baba wa, má ṣe purọ́.

Ní oṣù Júláì ni èsì rẹ̀ dé. Kéèkì náà pupa. Ìyá àgbà kan béèrè ìlú rẹ̀, ó sì sọ ọ́. Ìyá náà bi í bóyá àwọn ará ìlú òun ta ènìyàn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìyá náà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó mú ọ̀bẹ, ó gé kéèkì náà, ó tọ́ ọ wò, ó sì ní: “Ṣúgà rẹ̀ pọ̀ jù. Dín in kù ní ọdún tó ń bọ̀.”

Ọkùnrin tí a fo orúkọ rẹ̀ dá náà ṣì wà láàyè. Sitirọ́bẹ́rì kò sí ní ọjà wa, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ti ra fúláwà àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì. Ọjọ́ Sátidé tí ó ṣáájú ọjọ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi ni àwa méjèèjì yóò lọ sí ilé rẹ̀, bí Olúwa bá fẹ́.