Olúwa Fi Fóònù Kékeré Yọ Bàbá Wa

Bàbá wa ò kú sóko. Ẹni tí à bá máa ṣọ̀fọ̀ wọn wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ní Ayétòrò báyìí, wọ́n ń bó ẹ̀pà fún ọmọ-ọmọ. Ọlọ́run ló ṣe é. Ohun tó sì lò ni fóònù olówó pọ́ọ́kú kan, èyí tó ń ṣí tó ń pa dé. Mo fẹ́ sọ bó ṣe lò ó, n ó sì sọ ibi tí fóònù náà ti já wa kulẹ̀, torí iwájú Ọlọ́run ni mo ti ń jẹ́rìí.

Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni bàbá wa. Oko wọn wà lápá ibi tí ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí ti bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ amọ̀ dúdú tó jẹ́ pé bí òjò bá ti rọ̀ sí i, á lẹ̀ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ bí àtè. Mọ́tò kì í wọ ibẹ̀ lásìkò òjò, ọlọ́kadà pàápàá ń sá fún un. Iná ìjọba ò dé abúlé ibẹ̀. Kí GSM tó dé Nàìjíríà ní 2001, ẹ̀gbọ́n bàbá wa kan ṣubú síbẹ̀, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló mọ́ kí wọ́n tó rí wọn. Wọn ò bá ẹ̀mí nínú wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn wa.

Àbúrò mi tó wà l'Ékòó ti kọ́kọ́ ra Android fún Bàbá. Ọwọ́ tó ti fi ọkọ́ gbó ò ṣiṣẹ́ lójú gíláàsì: wọ́n á tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní dáhùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, iná ti tán nínú ẹ̀. A tún ra palasa, fóònù oníbọ́tìnnì lásán, fún wọn. Èyí ò ní ìdérí, inú àpò ṣòkòtò ló ti máa ń tẹ ara rẹ̀, á pe ẹni ẹlẹ́ni, káàdì á sì tán.

Ìgbà náà ni mo lọ ra onídèérí yìí ní ọjà Sayédẹ̀rọ̀, Ìlaròó. Owó rẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó Android yẹn. Bó bá ti wà ní pípadé, kò sí bọ́tìnnì tó lè tẹ ara rẹ̀. Ẹni bá fẹ́ gbé ìpè, kó ṣí i. Ẹni bá sọ̀rọ̀ tán, kó pa á dé. Bọ́tìnnì rẹ̀ tóbi, ó yọrí débi pé ìka lè mọ̀ ọ́n nínú òkùnkùn. Bátìrì rẹ̀ kéré sí ti fóònù ńlá dáadáa, àmọ́ ojú rẹ̀ náà kéré, kò sì sí WhatsApp tàbí Facebook tó ń fa iná lábẹ́lẹ̀. Bí wọ́n bá ti fi sólà abúlé ṣáájì rẹ̀ kún, ó ń lo ọjọ́ púpọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé apá ààlà á mọ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Téèyàn bá dé àwọn oko ọ̀hún, fóònù á fi nẹ́tíwọ̀ọ̀kì Nàìjíríà sílẹ̀, á lọ mú ti Bẹ̀nẹ̀. Ẹ ó kàn rí àtẹ̀jíṣẹ́ èdè Faransé tó ń kí yín káàbọ̀ sí ìlú tí ẹ ò lọ. Látìgbà náà, ẹ ò ní lè pe ẹnì kankan, tàbí kí ìpè kan ṣoṣo jẹ gbogbo owó tó wà lórí fóònù. Ọmọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe ní Sayédẹ̀rọ̀ ló wọ inú ètò fóònù Bàbá, ó ní kó má yan nẹ́tíwọ̀ọ̀kì fúnra rẹ̀ mọ́, ti Nàìjíríà nìkan ni kó máa mú. Ó tún fi nọ́ḿbà mi sórí 2: kí Bàbá tẹ 2 mọ́lẹ̀, kí wọ́n má gbé ọwọ́ kúrò, ó ti ń pè mí nìyẹn. Kò gba kọ́bọ̀. Olúwa ò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bàjẹ́.

Òjò ti rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá ṣubú. Bàbá nìkan ló lọ fa ẹ̀gẹ́. Ẹsẹ̀ yọ̀ wọ́n láàárín ebè, wọ́n fi ìbàdí lélẹ̀, egungun itan sì dá. Wọ́n pariwo títí, kò sẹ́ni tó gbọ́. Fóònù ti já bọ́ sínú ẹrẹ̀. Ẹ̀yìn ìdérí nìkan ni ẹrẹ̀ bò, inú rẹ̀ gbẹ. Wọ́n nù ún mọ́ ẹ̀wù, wọ́n ṣí i, wọ́n tẹ 2 mọ́lẹ̀.

Mò ń wọn gaàrí fún oníbàárà n'Ílaròó nígbà tó dún. "Mo ti ṣubú o, ẹsẹ̀ mi ..." Ìpè já. Mo pè padà, mo gbọ́ pé oko ẹ̀yìn odò ni, ó tún já. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi l'Áyétòrò, ó kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n wọgbó.

Oko yẹn fẹ̀, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ká ní Android ni, ì bá ṣeé ṣe kó fi ibi tí Bàbá wà hàn wá lórí máàpù. Èyí ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì dùn wá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ni pé ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́, ó wá pe nọ́ḿbà Bàbá. Fóònù náà ní ariwo. Àáfà kan tó jẹ́ aládùúgbò wa ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ó yà sọ́wọ́ òsì, ó rí iná tọ́ọ̀ṣì fóònù náà láàárín ewé ẹ̀gẹ́. Bàbá gbé e sókè, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Pákó ilẹ̀kùn ni wọ́n fi gbé wọn la ẹrẹ̀ kọjá dé títì.

Wàhálà fóònù náà ò tán síbẹ̀. Nílé ìwòsàn, àbúrò mi fẹ́ rí àwòrán egungun náà kó lè fi han dókítà tó mọ̀ l'Ékòó. Fóònù ẹni ẹlẹ́ni la fi yà á. Àwọn èèyàn ń fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì Bàbá, alẹ́ẹ̀tì ò wọlé nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ ti kún inú fóònù, àfi ká pa wọ́n rẹ́. A fẹ́ pe àbúrò Bàbá obìnrin tó wà ní Kétu, ìpè ò lọ: láti 30 oṣù kọkànlá 2024 ni Bẹ̀nẹ̀ ti sọ nọ́ḿbà fóònù wọn di ẹyọ 10 dípò 8, wọ́n fi 01 sí iwájú, ti àtijọ́ ló ṣì wà nínú fóònù Bàbá. Mo jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń tún nọ́ḿbà àwọn ará Kétu tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí fóònù náà ti ń ṣẹ́ po ló sì ń bà mí lẹ́rù jù. Wáyà pẹlẹbẹ kan ló gba ibẹ̀ kọjá lọ sójú fóònù. Bí ṣíṣí àti pípadé bá ti pọ̀, á já, ojú á funfun báláú. Tiwa ti ń ṣẹ́jú.

Síbẹ̀, irú rẹ̀ náà ni mo tún lọ rà. Nọ́ḿbà mi ti wà lórí 2, ti ẹ̀gbọ́n mi lórí 3.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bàbá, ó yọrí sí rere, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ la ó wá dúpẹ́. Àwọn tó gbé pákó ń bọ̀, Àáfà náà ní òun á wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jó wọlé.