Irin Inú Àpáta: Àmáná Ni

Ọpẹ́ ni fún Allāhu, Ọba tí Ó dá ilẹ̀, tí Ó sì fi ọrọ̀ pamọ́ sínú rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a ń sọ fún ara wa àti fún yín: ẹ jẹ́ kí á páyà Allāhu.

Nínú Súrà Al-Hadīd, āyà 25, Allāhu mẹ́nu ba irin níbi tí Ó ti mẹ́nu ba òṣùwọ̀n. Kí ni ó so méjèèjì pọ̀?

Ẹ wo òkè Ìtakpe, nítòsí Òkènè ní Ìpínlẹ̀ Kogí. Inú àpáta àtayébáyé ni irin ibẹ̀ wà. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sọ pé ní ọ̀pọ̀ ibi láyé, ìsàlẹ̀ òkun ni irú irin bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ó ti lé ní bílíọ̀nù ọdún méjì. Irin yòrò sínú omi. Nígbà tí àwọn ẹ̀dá tíntìntín mú atẹ́gùn ọ́síjìn jáde, irin náà dógùn-ún, ó sì rọ̀ sílẹ̀ ní ìpele ìpele. Ilẹ̀ bò ó. Ooru sè é, ìwúwo ilẹ̀ tẹ̀ ẹ́, títí tí àwọ̀ àti ìrísí rẹ̀ fi yí padà. Nínú ìdá 100 òkúta Ìtakpe, nǹkan bí 35 péré ni irin. A ní láti lọ̀ ọ́, kí á ṣà á, kí ó tó dé iná ìléru.

Ta ni nínú wa tó bá wọn kó o jọ? Kò sí. Ohun tí a kò gbìn, tí a wá ń kórè, àmáná ni.

Ní 2020 ni wọ́n ṣí ojú irin Ìtakpe sí Warri. Síbẹ̀, káàkiri orílẹ̀-èdè yìí, àwọn kan ń fi òru tú irin tó di ojú ọ̀nà rélùwéè mú, wọ́n ń gbé e lọ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Olè ni ẹni tó tú u. Ẹni tó gbé e ka orí òṣùwọ̀n, tó sanwó láìbéèrè ibi tó ti wá, ńkọ́? Òṣùwọ̀n yẹn gan-an ni yóò jẹ́rìí. Irin kékeré kan tó yẹ̀ lè da ọkọ̀ tó kún fún èrò nù.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ bèèrè. Bí ẹnu olùtajà bá ń kólòlò, ẹ fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ti rà á, kí ó túúbá, kí ó dá a padà. Kò sí àlùbáríkà nínú èrè tó lè di ikú ọmọ ẹlòmíràn.

Kí Allāhu fi hàlálì rọ̀ wá lọ́rùn. A ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀ fún àwa àti ẹ̀yin. Àmín.