Orúkọ Tí A Fi Pamọ́

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ǹjẹ́ irọ́ ni bí òǹkọ̀wé bá fi orúkọ rẹ̀ pamọ́? Charlotte Brontë, ọmọ àlùfáà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ewì rẹ̀ ránṣẹ́ sí Robert Southey, akéwì ńlá. Ní 1837 ó fèsì pé ìwé kíkọ kò lè jẹ́ iṣẹ́ ayé obìnrin. Nígbà tí a tẹ Jane Eyre ní 1847, Currer Bell ni ó pe ara rẹ̀. Ní 1850 ó ṣàlàyé pé ẹ̀tanú sí ìwé obìnrin ni òun sá fún.

Lójú tèmi, ẹni tí ń wo ojú kí ó tó wọn iṣẹ́ jẹ̀bi ju ẹni tí ó bojú lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọbìnrin bá kọ àròkọ rere, ẹ jẹ́ kí ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.