Kí A Tó Sọ Ọ́ Lórúkọ

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin mi nínú Olúwa, ìbéèrè kan wà lọ́kàn mi: ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ lórúkọ, ǹjẹ́ ó níyì?

Ní erékùṣù Puerto Rico, igbó òjò kan wà lórí òkè tí a ń pè ní El Yunque. Lára èèpo igi irú igbó bẹ́ẹ̀ ni lichen máa ń hù sí. Bí èépá ló rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bojú wò ó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ẹbí olú ni, tí ó gba ohun aláwọ̀ ewé tíntìnnì kan sílé. Onílé ń fún àlejò ní ibùgbé. Àlejò ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pèsè oúnjẹ fún àwọn méjèèjì.

Ní ọdún 2014, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kéde irú lichen tuntun 12 láti erékùṣù náà. Wọ́n pe ọ̀wọ́ kan ní Borinquenotrema, láti inú Borinquen, orúkọ àtijọ́ ilẹ̀ náà. Tuntun lójú ta ni? Kì í ṣe lójú Ẹlẹ́dàá. Ọlọ́run ti dá àwọn ẹranko tán kí Ó tó mú wọn tọ Ádámù wá fún orúkọ. Àwa ìyá náà mọ̀: ọmọ kì í dúró de ọjọ́ kẹjọ kí a tó fún un lọ́mú.

Ṣé orúkọ kò wúlò nígbà náà? Rárá o. Ní oṣù September 2017, ìjì Maria já ewé igbó El Yunque dànù. Ohun tí a ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a lè padà lọ wò ó bóyá ó yè. Èyí tí a kò mọ̀, bó bá parun, ta ni yóò béèrè rẹ̀?

Mo rántí ìyá àgbà kan tí ń gbálẹ̀ ilé ìsìn wa. Nígbà tó kú, a fẹ́ tẹ ìwé ìsìnkú rẹ̀; kò sí ẹni tó mọ̀ ju “Ìyá Onígbàálẹ̀” lọ. Èmi pàápàá kò mọ̀, èmi tí mo ń jókòó lórí àga tí ó nù. A kì í pe àgbà lórúkọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ̀ ọ́n. Iyì ìyá náà kò dín níwájú Ọlọ́run. Àwa ni a jẹ gbèsè.

Orúkọ kọ́ ló ń fúnni níyì, àmọ́ ẹni tó mọyì nǹkan a máa béèrè orúkọ rẹ̀. Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí á yíjú sí ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá, kí á sì béèrè. Kí Olúwa là wá lójú. Àmín.