Bọ́ọ̀lù Àfẹsẹ̀gbá: Ó Ń So Wá Pọ̀ Ni, Tàbí Ó Ń Pín Wa Níyà?



Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ẹ̀bá Ọjà Ọba kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí àwọn ìyá wa ń palẹ̀ ọjà mọ́, kò lè ṣàìgbọ́ ariwo tí ń ti inú àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù jáde. Àgbà àti ọ̀dọ́ jókòó lórí bẹ́ǹṣì, èjìká kan èjìká, ojú gbogbo wọn sì wà lára tẹlifísọ̀n kan ṣoṣo. Ará Àkúrẹ́ wà níbẹ̀, ará Oǹdó wà níbẹ̀, ọmọ Ígbò wà níbẹ̀, ọmọ Ìjọ Kátólíìkì àti Mùsùlùmí sì jókòó pọ̀ láìbèèrè ìlú tàbí ẹ̀sìn ara wọn. Bí bọ́ọ̀lù bá wọ àwọ̀n, ìdajì wọn a fò sókè, ìdajì a sì káwọ́ lérí. Ẹni tí ó bá rí wọn yóò wí pé ìrẹ́pọ̀ ti dé. Ṣùgbọ́n láti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ìjà tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ti jáde.

Àwọn ọkùnrin méjì kan wà nínú ìjọ wa yìí tí wọ́n ń tajà ní ẹsẹ̀ ìsọ̀ kan náà. N kò ní dárúkọ wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kì í ṣe nínú ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ojú ọjà ni ó ti ṣẹlẹ̀, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì gbà kí n kọ ọ́ fún ẹ̀kọ́ gbogbo wa. Fún ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ọ̀kan kò bá sí ní ìsọ̀, ẹnì kejì ni í bá a tajà, tí í sì í kó owó rẹ̀ fún un láìdín kọ́bọ̀. Ọ̀kan ń ṣe ti Arsenal, ẹnì kejì ń ṣe ti Chelsea. Ní ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ ọ̀kan nínú wọn fìdí rẹmi. Ẹnì kejì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láti ilé ìwòran títí dé ilé, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé lójú àwọn oníbàárà. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi owó ọjà ta tẹ́tẹ́ lórí eré náà, àti pé owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ wà nínú owó náà.

Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Yẹ̀yẹ́ di èébú, èébú sì di ìjà. Láti ìgbà náà wọn kò kí ara wọn mọ́. Àwọn aya wọn tí wọ́n ti máa ń yá ara wọn ní ṣéńjì kò yá ara wọn mọ́. Ní Mísà, nígbà tí a bá ní kí a fún ara wa ní àmì àlàáfíà, ọ̀kan a kọjú sí ọ̀tún, ẹnì kejì a kọjú sí òsì. Lẹ́yìn èyí, àwọn méjèèjì a tò wá síwájú pẹpẹ láti gba Ara Kristi. Ẹ̀yin ará, èyí ni ó dùn mí jùlọ.

Ǹjẹ́ bọ́ọ̀lù ni ó pín wọn níyà? Àwọn kan yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, àti pé ó yẹ kí onígbàgbọ́ sá fún un pátápátá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Póòpù Jòhánù Páúlù Kejì, ẹni tí ó bẹ orílẹ̀-èdè wa wò ní ọdún 1982 àti 1998, jẹ́ aṣọ́lé nígbà èwe rẹ̀ ní ìlú Wadowice ní ilẹ̀ Pólàńdì. Nígbà tí àwọn ọmọ Kátólíìkì bá fẹ́ bá àwọn ọmọ Júù gbá bọ́ọ̀lù, lọ́pọ̀ ìgbà apá àwọn Júù ni ó máa ń wà. Ní ọdún 1986, ó wọ ilé ìjọsìn àwọn Júù ní Róòmù láti kí wọn gẹ́gẹ́ bí arákùnrin. Ẹni tí ó ti bá ènìyàn ṣeré ní kékeré, ó ṣòro kí ó tó pè é ní ọ̀tá ní àgbà.

Àwa náà ti tọ́ adùn rẹ̀ wò. Ọ̀pọ̀ nínú yín rántí ọjọ́ kẹta oṣù kẹjọ ọdún 1996, nígbà tí àwọn ọmọ wa gba góòlù Òlíḿpíìkì ti Atlanta pẹ̀lú ayò 3 sí 2 lórí Argẹntínà, tí Emmanuel Amuneke sì gbá ayò ìkẹyìn wọlé nígbà tí eré fẹ́ parí. Lábẹ́ ìjọba ológun ni a wà nígbà náà, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbọgbẹ́, síbẹ̀ a yọ̀ pọ̀. Ní ọdún 2012 ẹ̀wẹ̀, ẹgbẹ́ Sunshine Stars ti ìpínlẹ̀ wa bá Al Ahly ti Íjíbítì dé ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó peregedé ní Áfíríkà. Wọ́n gbá ọ̀mì ayò 3 sí 3 ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí wọ́n tó fi ayò kan ṣoṣo pàdánù ní Káírò. Ní ọjọ́ wọ̀nyí, kò sí ẹni tí ó bèèrè bóyá Àkúrẹ́ ni ó ju Oǹdó lọ, tàbí Ọ̀wọ̀ ni ó ju Ìkàrẹ́ lọ. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wa.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2012 kan náà, ẹgbẹ́ Al Ahly yìí lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Port Said, ní ilẹ̀ wọn níbẹ̀. Nígbà tí eré parí, àwọn kan ya wọ orí pápá láti kọlu àwọn alátìlẹ́yìn wọn, ènìyàn tí ó ju 70 lọ ni ó sì kú. Ọmọ ilẹ̀ kan náà ni wọ́n, èdè kan náà ni wọ́n ń sọ.

Ẹ tún wo Côte d'Ivoire nítòsí wa. Ní ọdún 2005, nígbà tí ogun ti pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì, Didier Drogba àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú tẹlifísọ̀n, wọ́n bẹ àwọn ará ilé wọn pé kí wọ́n gbé ohun ìjà sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2007, wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Bouaké, ìlú tí ó jẹ́ ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Iṣẹ́ rere ni. Síbẹ̀, lẹ́yìn ìbò ọdún 2010, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀, nǹkan bí 3,000 ènìyàn ni ó sì ṣègbé.

Kí ni a rí kọ́? Bọ́ọ̀lù lè mú kí ènìyàn jókòó pọ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú kí wọ́n dárí ji ara wọn. Ó lè mú ayọ̀ wá, ṣùgbọ́n bí fèrè ìkẹyìn bá ti dún, ohun tí ó wà lọ́kàn olúkúlùkù kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni yóò bá a padà sílé. Olúwa wa ti kọ́ wa pé láti inú ọkàn ni ibi ti ń jáde wá, kì í ṣe láti ìta.

Páúlù Mímọ́ bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí gidigidi, nítorí pé àwọn kan ń pe ara wọn ní ti Páúlù, àwọn mìíràn ní ti Àpólò, àwọn mìíràn ní ti Kéfà. Ẹni mímọ́ ni àwọn tí wọ́n ń torí wọn jà, síbẹ̀ ó bá wọn wí. Kí ni yóò wá sọ fún àwa tí a ń jà nítorí ẹgbẹ́ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ kò mọ̀ pé a wà láyé?

Àwọn bàbá wa gbọ́n nínú ọ̀ràn yìí. Nídìí ọpọ́n ayò, ọ̀ta a máa bú òpè, òpè a sì máa halẹ̀ mọ́ ọ̀ta. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dìde, igbá ẹmu kan náà ni wọn yóò jọ mu, nítorí eré ni à ń fi ọmọ ayò ṣe. Èébú náà kì í bá wọn dé ilé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, mo bẹ̀ yín. Ẹ wo bọ́ọ̀lù yín, ẹ sì gbá a. Bí ọ̀rẹ́ yín bá pàdánù, ẹ fi í ṣe àwàdà níwọ̀nba, ẹ sì dákẹ́ nígbà tí ojú rẹ̀ bá yí padà, nítorí ẹ kò mọ ẹrù tí ó rù. Ní ti tẹ́tẹ́, ẹ rántí ẹ̀kọ́ Ìjọ pé ó di ohun àìtọ́ nígbà tí ó bá gba ohun tí ènìyàn nílò láti fi bọ́ ara rẹ̀ àti ará ilé rẹ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ kì í ṣe owó eré. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rántí níwájú pẹpẹ pé arákùnrin òun ní ohun kan sí òun, Olúwa wa ti pàṣẹ ohun tí yóò ṣe: kí ó kọ́kọ́ lọ làjà, kí ó tó wá rúbọ.

Mo ti lọ sí ìsọ̀ àwọn méjèèjì. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí ó kọjá, ẹni tí ó ṣe yẹ̀yẹ́ lọ bẹ ẹnì kejì. Kò dáhùn. Ní Ọjọ́rú, ó tún lọ, ó bá a to ọjà rẹ̀ sórí àtẹ bí ó ti máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹnì kejì kò sì lé e. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ẹ bá wa gbàdúrà sí i.

Lónìí, a óò tún gbọ́ ọ nínú Mísà pé kí a fún ara wa ní àmì àlàáfíà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọjú sí ògiri. Kí Ìyá wa Màríà, Ọbabìnrin Àlàáfíà, bẹ̀bẹ̀ fún wa, kí Ọmọ rẹ̀ sọ wá di ọ̀kan nítòótọ́. Àmín.

Èmi ni,
Fadá yín